Bàálù Tó Fìdí Jókòó

Bàálù náà tún fìdí jókòó.

Chizuru gbé ọwọ́ kúrò lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń tẹ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn sílẹ̀. Ó dúró díẹ̀. Imú bàálù bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, táyà iwájú kúrò lórí tábìlì, ìrù sì gbá tábìlì gbì. Ìgbà kẹrin nìyẹn ní ọ̀sán ọjọ́ Túsìdé kan ṣoṣo.

"Ó tún ti gúnyán o!" Hayase pariwo láti ẹnu ọ̀nà. "Ó ti fìdí gúnyán!"

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ ní Shizuoka, nílẹ̀ Japan. Ẹni tó bá yọ̀ ṣubú tó fìdí balẹ̀, wọ́n á ní ó gún iyán ìdí, torí iyán ìrẹsì tí wọ́n ń jẹ lọ́dún tuntun máa ń dún gbì báyẹn nínú odó. Àwọn tó ń to bàálù oníke jọ yá ọ̀rọ̀ náà lò fún bàálù tí ìrù rẹ̀ wúwo ju imú rẹ̀ lọ. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tó ń to bàálù àkọ́kọ́ rẹ̀ ni irú ẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀ sí. Kì í ṣẹlẹ̀ sí akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹta ní iléèwé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, tó tún jẹ́ olórí ẹgbẹ́ àwọn tó ń to bàálù.

"Hayase, pa ẹnu ẹ dé," ni Chizuru wí.

"Ṣé èmi ni mo jókòó ni? Bàálù ẹ ló jókòó."

Kì í ṣe bàálù kékeré. Bàálù akẹ́rù ni, ó ní abẹ̀bẹ̀ mẹ́rin, apá rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà kan. Ègé ike tó wà nínú páálí rẹ̀ lé ní irinwó. Láti oṣù kẹwàá ni Chizuru ti ń bá a jà. Òkè àti ìsàlẹ̀ apá òsì kọ̀, wọn ò pàdé; ó fi sáńpépà ha á títí ìka rẹ̀ fi bó. Àtẹ̀gùn kan tí kò tó èékánná ta kúrò lẹ́nu ẹ̀mú, wọ́n sì fi ọjọ́ méjì rá pálá kiri ilẹ̀ kí wọ́n tó rí i. Nígbà tí òjò oṣù kẹfà dé, ọ̀rinrin mú kí ọ̀dà dídán tó kùn lé e lórí di funfun bí ohun tó bu, ó ha gbogbo rẹ̀ kúrò, ó tún un kùn. Kò sí ibì kan lára bàálù náà tí kò tíì bí i nínú. Ní báyìí tó ti parí, tó ku ọjọ́ mọ́kànlá kí àwọn òbí àti àlejò wá wo iṣẹ́ àwọn ọmọ iléèwé, ló wá ń jókòó bí àgbàlagbà tó ní òun ò rìn mọ́.

Tíṣà Usami, tó ń mójú tó ẹgbẹ́ wọn, wọlé pẹ̀lú kọ́ọ̀bù tíì lọ́wọ́. Ó wo bàálù.

"Ẹ ò fi òjé sí imú rẹ̀ ni?"

"A fi sí i, sà," Chizuru dáhùn. Kò ronú kó tó sọ ọ́. Ohun tó ti ń sọ láti oṣù kejì nìyẹn, ó ti mọ́ ọn lẹ́nu.

"Ẹ fi mélòó sí i?"

"Ọgọ́rin gíráàmù, sà," ni Kotone wí. "Bí ìwé inú páálí ṣe wí gan-an. Èmi ni mo wọ̀n ọ́n."

Kotone wà ní ọdún kejì. Ọmọbìnrin kékeré ni, ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, kò sì sí ohun tí kì í béèrè lẹ́ẹ̀mejì.

"Kí lo fi wọ̀n ọ́n?"

"Òṣùwọ̀n tí màmá mi fi ń wọn ìyẹ̀fun, sà."

"Á jẹ́ pé òṣùwọ̀n yẹn ti bàjẹ́," ni Tíṣà Usami wí. Ó fa tíì rẹ̀. "Òjé yín kéré. Kò sí bí ẹ ṣe máa tún ṣí i báyìí. Màá gé ọ̀pá ike tó mọ́ gaara fún yín, kí ẹ fi gbé ìrù rẹ̀ dúró."

Kotone yíjú sí Chizuru. Etí rẹ̀ ti pọ́n. Ó tẹrí ba títí orí rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tábìlì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Iṣẹ́ yín láti oṣù kẹwàá. Èmi ni mo bà á jẹ́."

Àyè wà fún Chizuru láti sọ̀rọ̀ nígbà náà. Ó la ẹnu. Ohun tó jáde ni pé: "Kò burú. Ó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni."

"Kotone Afìdígúnyán!" Hayase kígbe, ó sì fi ìdí gbá ilẹ̀kùn gbì kí gbogbo wọn lè rí àpẹẹrẹ. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, àwọn ọmọ ọdún kìíní tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ irin ti mọ orúkọ náà.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an nìyí. Ní oṣù kejì, Kotone lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn apẹja ní èbúté Shimizu, ó ra ogún hóró òjé, irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ okùn ìwọ̀ kó lè rì. Ó wọ̀n ọ́n nílé, ó kó o sínú àpò aṣọ kékeré, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Chizuru. Ọjọ́ yẹn gan-an ni apá òsì ń kọ̀ tí kò fẹ́ pàdé. Chizuru ń wá ohun tó wúwo tí yóò fi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí gúlúù tó gbẹ. Ó gbé àpò òjé lé e. Apá náà pàdé. Inú rẹ̀ dùn débi pé lọ́jọ́ kejì ló lẹ ìdajì méjèèjì ara bàálù pọ̀, torí ó ń kánjú láti rí i kó jọ bàálù. Àpò òjé sì wọ inú dúrọ́ọ̀ rẹ̀, sábẹ́ àwọn sáńpépà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti fi òjé sí i?" Kotone bi í lọ́sẹ̀ yẹn.

Ìbéèrè kẹta tí ọmọ náà máa bi í láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún ni. "Mo ti fi sí i! Ṣé o fẹ́ kí n búra ni?"

Ó rò lóòótọ́ pé òun ti fi sí i. Ìgbà tó ń wá sáńpépà lópin oṣù kẹta ló tó rí àpò náà. Bàálù ti pa dé, ó ti di gbogbo ojú ibi tó lẹ̀, ó sì ti kun ọ̀dà àkọ́kọ́. Ká ní ó sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, ayùn ni wọ́n á fi gé e, ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n á fi tún un ṣe. Ó wo àpò náà títí. Ó tì í padà sábẹ́ sáńpépà. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ó ṣeé ṣe kí bàálù dúró láìsí òjé. Ó sì mọ̀ pé kò ní dúró. Inú ìwé, pupa ni wọ́n fi kọ ọgọ́rin gíráàmù yẹn.

Ohun tó dì í lẹ́nu ni Màmá Katsumata.

Kí ègé ike kan tó wọ inú páálí, ẹnì kan ti gbọ́dọ̀ gé irin tí wọ́n máa da ike gbígbóná sí. Ilé iṣẹ́ Màmá Katsumata ló ń gé irú irin bẹ́ẹ̀ fún àwọn ilé iṣẹ́ ńlá. Èèyàn méje péré ló wà níbẹ̀. Lọ́dọọdún, Màmá máa ń wá sí iléèwé lọ́jọ́ ìpàtẹ iṣẹ́, ó máa ń rìn káàkiri, ó máa ń wo ọwọ́ àwọn ọmọ. Tó bá rí ọwọ́ tó wù ú, ó máa ń sọ fún iléèwé pé kí wọ́n fi orúkọ ọmọ náà ránṣẹ́ nígbà tí ìwé iṣẹ́ bá dé lóṣù keje. Ọmọ kan ṣoṣo ni lọ́dún. Láti ìgbà tí Chizuru ti wà ní ọmọ ọdún méjìlá ló ti ń fẹ́ iṣẹ́ yìí. Ìyá rẹ̀ ń di ẹja sínú agolo ní Shimizu, yunifásítì kò sí nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ìyá rẹ̀ sì ti sọ fún gbogbo obìnrin tí wọ́n jọ ń dúró nídìí ẹ̀rọ pé, "Ọmọ mi máa gé irin lọ́dọ̀ Katsumata." Bí ẹni pé wọ́n ti gbà á.

Lọ́jọ́ Fúráìdé, Kotone gbé àpò kan tó ń dún ṣẹkẹṣẹkẹ wá sínú yàrá ẹgbẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó. Ẹyọ owó yẹ́nì kan, gíráàmù kan géérégé ni. Tíṣà sáyẹ́ǹsì ló sọ fún wa. Mo kó ọgọ́rin lé òṣùwọ̀n màmá mi. Ọgọ́rin ló sọ. Mo kó o kúrò, mo tún kó o lé e. Ọgọ́rin!"

"Kotone, fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀."

"Báwo ni màá ṣe fi sílẹ̀? Wọ́n ń pè mí ní Afìdígúnyán níbi tí mo ti ń jẹun. Lánàá, ẹnì kan gbá àga gbì nígbà tí mo kọjá, gbogbo wọn sì bú sẹ́rìn-ín." Ó to ìka sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Òṣùwọ̀n pé. Òjé pé. Ẹ̀yin sì ti fi sínú imú. Á jẹ́ pé ìwé inú páálí ni kò pé. Àwọn ni ìṣirò wọn kò pé."

Ó ka ohun mẹ́rin, ó sì yẹ mẹ́ta wò. Kò yẹ Chizuru wò rárá. Dípò kí ìyẹn ti Chizuru lójú, ńṣe ló bí i nínú. Èwo ni ti ọmọ tí kò lè fura sí èèyàn? Kí ló dé tí kò lè sunkún lẹ́ẹ̀kan kó sì gbàgbé?

"Mo ti kọ lẹ́tà sí wọn," ni Kotone wí.

Búrọ́ọ̀ṣì bọ́ lọ́wọ́ Chizuru. "O kọ kí ni?"

"Lẹ́tà. Àdírẹ́sì wọn wà lára páálí. Mo ní kí wọ́n tún ìwé wọn ṣe kó má bàa ba ti ọmọ ẹlòmíràn jẹ́. Mo fi ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí."

"Ta ló rán ẹ níṣẹ́?"

Kotone wò ó, ojú rẹ̀ mọ́ kedere. "Ẹ̀gbọ́n, tiyín náà ni mo ń jà fún o."

Láti ọjọ́ yẹn, Chizuru ò gbádùn oúnjẹ mọ́. Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló rí: kó fi òjé sínú imú bàálù kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Tí bàálù bá ti dúró, á ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé gúlúù ló ń mú un ṣubú, tàbí ohunkóhun. Á wá ohun tó máa sọ.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdé tó ṣáájú ìpàtẹ, lákòókò oúnjẹ ọ̀sán, ó ti ilẹ̀kùn yàrá ẹgbẹ́ mọ́ra. Òjò ń rọ̀. Ó dojú bàálù délẹ̀ lórí táwẹ́ẹ̀lì. Níbi tí táyà iwájú ń wọlé sí, ó fi ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi ìka yí lu ihò kan. Ó ń lu ú, ó ń fẹ́ ike tó ń jáde dànù, ó ń dákẹ́ gbọ́ bóyá ẹnì kan ń bọ̀. Ó fi gúlúù sára hóró òjé kìíní, ó fi ẹ̀mú tì í wọlé. Ó wọlé. Ìkejì há sẹ́nu ihò. Ó fà á jáde, gúlúù sì ba ọ̀dà ibẹ̀ jẹ́. Ó bú u. Ó tún un tì. Ìkarùn-ún, ìkẹfà. Ìka rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ra wọn. Nígbà tó ti ìkejìlá wọlé, agogo lù.

Ó dìde wìrìwìrì. Ó gbé bàálù, ó yí i padà, ó sì gbé e ka orí tábìlì bó ṣe máa ń gbé e láti ọ̀sẹ̀ yìí wá. Ó gbé ọwọ́ kúrò.

Bàálù fìdí jókòó. Ohun kan sì dún nínú rẹ̀: gbirigbirigbiri. Gúlúù kò tíì gbẹ. Òjé méjèèjìlá ti yí kọjá yàrá awakọ̀, wọ́n ti gba inú ikùn bàálù lọ sí ìrù.

Chizuru gbé e, ó mì í. Gbirigbirigbiri. Ó dojú rẹ̀ kọlẹ̀, ó ń wá bó ṣe máa mú wọn padà sí ihò. Ọ̀kan nínú wọn gbá fèrèsé kékeré kan láti inú, fèrèsé náà sì bọ́ sínú ikùn bàálù lọ bá wọn. Báyìí, bàálù tí imú rẹ̀ fúyẹ́ tẹ́lẹ̀ ti wá ní ẹrù nídìí.

Chizuru kò sunkún. Ó ta àga nípàá. Àga ò ṣe é ní nǹkan kan, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ló wú. Lẹ́yìn náà, ó fi gúlúù lẹ ọ̀pá tí Tíṣà Usami gé mọ́ abẹ́ ìrù, ó kun dúdú bo ojú ihò fèrèsé, ó sì lọ sí kíláàsì.

Ọjọ́ Sátidé pé, àwọn èèyàn sì kún iléèwé pẹ̀lú agboòrùn tó ń ṣẹ́ omi sílẹ̀. Wọ́n gbé bàálù sórí aṣọ aláwọ̀ ewé. Bó ṣe rí yẹn, ó dáa wò. Àwọn bàbá ń tẹ̀ síwájú láti wò ó, wọ́n ń fa ọmọ wọn sẹ́yìn kí wọ́n má bàa fọwọ́ kàn án. Hayase dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń ṣàlàyé fún gbogbo ayé bí ẹni pé òun ló tò ó.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí agogo mọ́kànlá lù, Màmá Katsumata wọlé. Obìnrin kúkúrú tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ni, ṣòkòtò iṣẹ́ ló wọ̀. Lẹ́tà kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò kọ́kọ́ wo bàálù.

"Ta ló ń jẹ́ Serizawa Kotone?"

"Èmi ni, Màmá." Kotone tẹrí ba.

"Ìwọ lo kọ èyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ilé iṣẹ́ tí o kọ ọ́ sí ló fi ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n ní mo gbọ́dọ̀ dáhùn. Èmi ni mo gé irin bàálù yìí. Èmi ni mo wọn òjé rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo to o jọ kí n tó ní kí wọ́n kọ ọgọ́rin síbẹ̀. Ìwọ wá ní n kò mọ ìṣirò?"

Ẹlòmíràn ì bá ti sá. Kotone gbé orí sókè. "Màmá, ẹ má bínú. Mo fi ẹyọ yẹ́nì kan ọgọ́rin dán òṣùwọ̀n wò ni."

Màmá Katsumata gbé ojú sókè lára lẹ́tà náà. "Ẹyọ yẹ́nì kan?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Gíráàmù kan ni ọ̀kọ̀ọ̀kan."

"Mo mọ̀ pé gíráàmù kan ni." Ó tún ọmọ náà wò láti òkè délẹ̀. "Ta ló kọ́ ẹ kí o fi dán òṣùwọ̀n wò?"

"Èmi fúnra mi ni."

"Ó dáa. Á jẹ́ pé ìwọ̀n rẹ pé, ìwọ̀n tèmi náà sì pé. Ẹ jẹ́ ká wo bàálù."

"Màmá, ẹ mu tíì ná," ni Tíṣà Usami wí.

"N ò wá mu tíì." Ó bẹ̀rẹ̀, ó rí ọ̀pá abẹ́ ìrù, ó sì ṣe ojú burúkú. Ó fi ìka méjì mú un. Ọ̀pá ṣẹ́ kẹ́. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé bàálù, ó dojú imú rẹ̀ kọlẹ̀.

Gbirigbirigbiri.

Ó gbé imú rẹ̀ sókè. Gbirigbirigbiri.

"Ó ń dún bíi ṣẹ́kẹ́rẹ́ ọmọ-ọwọ́!" ọmọ kékeré kan kígbe, ìyá rẹ̀ sì fọwọ́ bò ó lẹ́nu.

"Òjé wà nínú rẹ̀," ni Màmá Katsumata wí. "Ìdí ló wà. Ta ló pa ara bàálù yìí dé?"

Kotone ti tún tẹrí ba. "Ẹ má bínú, Màmá. Ó lè jẹ́ pé irú òjé tí mo rà ni kò..."

"N ò béèrè ẹni tó ra òjé. Mo ní ta ló pa á dé?"

Hayase wo àjà. Tíṣà Usami wo Chizuru. Chizuru rí bó ṣe rọrùn tó láti ní gúlúù ló bó. Gúlúù máa ń bó lóòótọ́, àgàgà lásìkò òjò. Màmá lè gbà á gbọ́. Kotone ní tirẹ̀, kíá ni yóò gbà á gbọ́, inú rẹ̀ á sì dùn pé òun ti mọ ìdí rẹ̀. Kotone ṣì tẹ̀ síbẹ̀, ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ hàn, ó ń retí kí ẹnì kan ní kó nà ró.

"Èmi ni," ni Chizuru wí. "N ò fi òjé sí i. Mo gbàgbé, mo sì ní mo ti fi sí i. Ìwọ̀n Kotone pé. Lọ́jọ́ Tọ́sìdé ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ki èyí tó ń dún yẹn bọ̀ ọ́ láti ihò táyà, kí ẹnikẹ́ni má bàa mọ̀."

Kotone nà ró díẹ̀díẹ̀.

"Ìgbà wo lẹ mọ̀?"

"Oṣù kẹta."

"Mo tẹrí ba fún yín," ni Kotone wí. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. "Lọ́jọ́ Túsìdé yẹn. Mo bẹ̀ yín. Ẹ ní kò burú, ó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ̀yin lẹ wá forí jì mí."

Kotone mú báàgì rẹ̀, ó sì jáde sínú òjò pẹ̀lú bàtà tí wọ́n ń wọ̀ nínú ilé.

Màmá Katsumata tẹ́ bàálù sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́. "Ayùn dà?"

"Ṣé nísinsìnyí, Màmá?" ni Tíṣà Usami béèrè. "Lójú àlejò?"

"Ìgbà wo lẹ tún fẹ́? Ọdún tó ń bọ̀?"

Chizuru jókòó, ó gbé ayùn tẹ́ẹ́rẹ́ lé ẹ̀yìn yàrá awakọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé. Ọ̀dà tó ti kùn lẹ́ẹ̀mẹta ń di ìyẹ̀fun lórí aṣọ aláwọ̀ ewé. Àwọn èèyàn rọ̀gbà yí i ká, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Nígbà tí imú bàálù já, òjé mẹ́sàn-án dà jáde pẹ̀lú fèrèsé kékeré yẹn. Mẹ́ta yòókù ti lẹ̀ mọ́ inú ìdí. Ó ní láti fi irin gígùn tì wọ́n jáde. Ó lọ mú mẹ́jọ tó kù nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ó sì lẹ ogún hóró mọ́ inú imú lọ́kọ̀ọ̀kan. Màmá Katsumata fa àga, ó jókòó tì í. Tíì tó ní òun ò mu, ó ń mu ún. Kò ràn án lọ́wọ́.

"Ìyẹn ò lẹ̀. Tẹ̀ ẹ́."

Chizuru tẹ̀ ẹ́.

"Má mú ọwọ́ kúrò. Ibo lò ń sáré lọ?"

Ó lé ní wákàtí kan kó tó dá imú padà sọ́rùn bàálù, tó fi téèpù dè é. Ó gbé e lé tábìlì. Ó gbé ọwọ́ kúrò. Bàálù dúró lórí gbogbo táyà rẹ̀. Bàbá arúgbó kan pàtẹ́wọ́. Màmá Katsumata wò ó, bàbá náà sì ṣíwọ́.

"Ọwọ́ ẹ dáa," Màmá sọ fún Chizuru. "Láti ọgbọ̀n ọdún, mo lè fi ìka ọwọ́ kan ṣoṣo ka irú ọwọ́ yìí tí mo ti rí. Àmọ́ tí ọ̀bẹ bá yẹ̀ lórí irin lọ́dọ̀ mi, ẹni tó ṣe é gbọ́dọ̀ ké lójú ẹsẹ̀. Tó bá ké, wákàtí mẹ́ta la fi ń tún un ṣe. Tó bá dákẹ́, páálí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá á ti jáde, ọmọ kan níbì kan á sì máa rò pé òun ni kò mọ̀ ọ́n tò. N ò lè mú ẹ."

"Mo gbọ́, Màmá."

"Kì í ṣe torí òjé o. Òjé, èmi náà ti gbàgbé ẹ̀ rí." Ó dìde, ó mú agboòrùn rẹ̀. "Má kun ojú ibi tí o gé. Lọ́la, ẹnikẹ́ni tó bá béèrè, dá a lóhùn."

Nígbà tí Chizuru sọ ọ́ nílé, ìyá rẹ̀ ń fi ewé tíì fọ òórùn ẹja kúrò lọ́wọ́.

"Mo ti sọ fún gbogbo èèyàn," ló wá sọ.

"Mo mọ̀, Màmá."

"Ọmọ yẹn ńkọ́? Ṣé o ti lọ sílé wọn?"

Ó lọ. Ìyá Kotone ló jáde sí i. Ó ní Kotone ń wẹ̀. Chizuru dúró títí ó fi hàn gbangba pé kò sí ẹni tó ń wẹ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ó sì padà sílé.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ìlà gbọrọ tó yí ọrùn bàálù ká ni gbogbo ojú kọ́kọ́ ń lọ sí. Ẹni kìíní tó béèrè jẹ́ bàbá kan tó gbé ọmọ lé èjìká. Chizuru dá a lóhùn. Ojú rẹ̀ gbóná. Ẹni kejì béèrè, ẹni kẹta béèrè. Kò rọrùn sí i. Ẹni tó bá ní bó bá ti ń sọ ọ́ ló ń fúyẹ́ kò tíì sọ irú ẹ̀ rí. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Obìnrin kan ní, "Ha, ìwọ ọmọ yìí," ó sì fa ọmọ rẹ̀ lọ. Hayase kò ṣàlàyé nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni mọ́, ó jókòó sí igun kan, ó ń wo bàtà rẹ̀.

Lọ́wọ́ ọ̀sán, ó ń sọ ọ́ fún tọkọtaya kan. "Mo gbàgbé òjé, mo sì parọ́ pé mo ti fi sí i. Wọ́n sì di ẹ̀bi rẹ̀ ru ẹlòmíràn."

"Ẹ ò dárúkọ mi."

Kotone ló dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò kí i.

"Ẹ sọ pé ìwọ̀n mi pé," ni Kotone wí. "Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀."

Chizuru yíjú padà sí tọkọtaya náà. "Serizawa Kotone ló wọn òjé. Ìwọ̀n rẹ̀ pé. Ó fi ẹyọ yẹ́nì kan ọgọ́rin dán òṣùwọ̀n wò lẹ́ẹ̀mejì."

"Ẹ̀ẹ̀mẹta. Mo tún un ṣe lánàá."

"Ẹ̀ẹ̀mẹta," ni Chizuru wí.

Kotone wọlé, ó fa àga, ó sì jókòó síbi tó ti lè máa gbọ́. Ó jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn, gbogbo ìgbà tí Chizuru bá sì fẹ́ yára sọ ọ̀rọ̀ náà kọjá ló ń dá a dúró.

Ìwé iṣẹ́ dé lóṣù keje. Adachi ni Màmá Katsumata mú, ọmọkùnrin kan tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ irin, tí kò to bàálù kankan jọ rí. Chizuru kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ilẹ̀kùn fíríìjì. Wọ́n gbà á. Ìyá rẹ̀ sì sọ fún àwọn obìnrin yẹn fúnra rẹ̀, kò fi nǹkan kan pa mọ́.

Chizuru ti ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa, ibi tó sì dé nìyí. Gbígbàgbé òjé, ọ̀sẹ̀ méjì ni ì bá gbà lọ́wọ́ rẹ̀. "Mo ti fi sí i" ló gba iṣẹ́ tó fẹ́ láyé, òun ló sì jẹ́ kí ọmọ tí kò ṣẹ̀ máa tẹrí ba kiri iléèwé. Tí o bá ṣe àṣìṣe, sọ ọ́ lọ́jọ́ tí o rí i, ìtìjú ọjọ́ yẹn ló kéré jù. Tí o bá dákẹ́, má tan ara ẹ pé ọ̀rọ̀ náà ti tán. Ẹnì kan wà níbì kan tó ń ka ẹyọ owó lé òṣùwọ̀n, tó ń wá ibi tí òun ti ṣì í.